Àdììtú Ọ̀rọ̀ Kọ́ Ni Ìtàn

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan ní Sabon Tasha, nínú ìlú Kàdúná níhìn-ín. Bí a ti ń sọ̀rọ̀ ilé ni a ń sọ̀rọ̀ ìdálẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwa tí a ti pẹ́ ní òkè ọya. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń ṣe géèmù. Arúgbó kan yọ lójú tẹlifíṣọ̀n náà, irùngbọ̀n rẹ̀ dé àyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ó ka orúkọ ìlú méje, ó ka orúkọ ogun mẹ́ta, ó dárúkọ àwọn òrìṣà tí wọ́n dá ayé ibẹ̀ àti àwọn tí wọ́n bà á jẹ́. Ó tún mẹ́nu ba òkúta kan tí orúkọ rẹ̀ gùn bí okùn, àti agbára kan tí orúkọ rẹ̀ kò ṣe é pè. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bọ́tìnnì kí arúgbó náà lè tètè dákẹ́. Mo bi í pé, "Kí ni bàbá yẹn ń sọ?" Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, *ban sani ba*. Wọ́n ṣáà ń sọ̀rọ̀ ni. Èmi fẹ́ jà."

Mo rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí iná lọ. Tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn, géèmù dákẹ́. Ìyá ọmọ náà tan àtùpà, ó kó àwọn ọmọ jọ, ó ní, "Àlọ́ o!" Wọ́n dáhùn pé, "Àlọ̀!" Àlọ́ Ìjàpá àti Yánníbo ìyàwó rẹ̀ ni ó pa fún wọn. Yánníbo kò rí ọmọ bí, Ìjàpá sì tọ oníṣègùn lọ. Oníṣègùn se àsèjẹ fún un, ó sì kìlọ̀ fún un gidigidi pé Yánníbo nìkan ni kí ó jẹ ẹ́, òun Ìjàpá kò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án. Òórùn ọbẹ̀ náà ta sánsán sí Ìjàpá nímú lójú ọ̀nà. Ọ̀kánjúwà mú un, ó tọ́ ọ wò, ó jẹ ẹ́ tán, ikùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń pa àlọ́ yìí lọ ni ọmọ kan náà, ẹni tí kò lè fetí sí arúgbó fún ìṣẹ́jú kan, ti dá a dúró tí ó bèèrè pé, "Màmá, kí ni àsèjẹ?"

Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn bọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Nínú géèmù, wọ́n ń sọ ohun tí ọmọ náà kò bèèrè fún un, kò sì gbà á. Nínú àlọ́, ọmọ náà ń bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún un. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò lónìí, ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Kàdúná, ní Kánò, ní Jọ́ọ̀sì àti níbi gbogbo tí ọmọ Yorùbá ti ń tọ́ ọmọ lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ eré lọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni géèmù. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, òun ni ó ti gba ipò àlọ́ àti ìwé ìtàn. Ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n kàwé gidi ni wọ́n ń ṣe é, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì máa ń lò lórí ẹyọ kan. Àwọn tí wọ́n ń ṣe irú èyí tí ó ní idán, òrìṣà àti ẹ̀dá abàmì nínú kò fẹ́ fi ayé tiwa ṣe ìtàn wọn. Wọ́n a dá ayé tuntun sílẹ̀, pẹ̀lú òkè àti odò tirẹ̀, ọba tirẹ̀, òfin tirẹ̀ àti èdè tirẹ̀. Kò sí ibi nínú èyí. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kó gbogbo ayé náà lé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà lórí.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan tí gbogbo àwọn tí wọ́n ń ṣe eré yìí káàkiri ayé mọ̀. Ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2009, ilé iṣẹ́ Square Enix ní ilẹ̀ Japan gbé géèmù kan jáde tí ó ń jẹ́ Final Fantasy XIII. Nínú ayé géèmù náà, *fal'Cie* ni wọ́n ń pe àwọn ẹ̀dá alágbára tí wọ́n dà bí òrìṣà. *l'Cie* ni ènìyàn tí *fal'Cie* ti fi àmì sí lára tí ó sì ti gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́. *Cie'th* sì ni ohun búburú tí *l'Cie* máa dà bí kò bá lè jẹ́ iṣẹ́ náà. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ tán, òkúta dídán ni yóò dà. Àwọn orúkọ mẹ́ta wọ̀nyí jọra bí ìbejì àti ìdòwú, láti ìbẹ̀rẹ̀ eré náà ni àwọn akọni inú rẹ̀ sì ti ń pè wọ́n lẹ́nu bí ẹni pé inú ayé náà ni a bí olúkúlùkù wa sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìtumọ̀ kíkún ní láti dá eré dúró, kí ó lọ ṣí àkójọ àlàyé tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó jókòó kà á bí ẹni tí ó ń múra fún ìdánwò.

Ẹ sì wo ìtàn tí wọ́n fi gbogbo igbó yìí bò mọ́lẹ̀! Ènìyàn kan wà tí a gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ láìbi í léèrè. Bí ó bá kọ̀ ọ́, ó gbé. Bí ó bá jẹ́ ẹ, kò padà sílé bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Èwo nínú wa tí ó gbọ́ ìtàn akúnlẹ̀yàn rí ni irú ọ̀rọ̀ yìí kò ní dé inú rẹ̀? Èwo nínú wa tí wọ́n fi létà kan gbé kúrò nílé wá sí ìdálẹ̀ ni kò mọ bí iṣẹ́ tí a kò yàn ṣe ń wúwo lọ́rùn? Ìtàn náà dùn, ó sì jinlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀ ni ó le jù.

Mo mọ ohun tí àwọn tí wọ́n ń ṣe é yóò fi dá ara wọn láre. Wọn yóò ní kí ayé kan tó dà bí ayé tòótọ́, ó gbọ́dọ̀ ní ìtàn tirẹ̀ àti orúkọ tirẹ̀. Òótọ́ ni. J.R.R. Tolkien, ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Oxford tí púpọ̀ nínú wọn ń fi ṣe baba, dá odindi èdè sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀dá inú ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé ńlá rẹ̀, The Lord of the Rings, jáde ní apá mẹ́ta ní ọdún 1954 sí 1955, ẹ̀yìn apá kẹta ni ó kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìtàn àwọn ọba, òǹkà ọdún àti ìlànà ìkọ̀wé àwọn ẹ̀dá náà sí. Ẹni tí ìtàn bá ti wọ̀ lára ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé e rí ìṣúra rẹ̀, wọn kò rí ibi tí ó tọ́jú rẹ̀ sí. Wọ́n wá ń ṣe bí oníṣòwò tí ó tú gbogbo ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà títí tí oníbàárà kò fi rí ibi gbà wọlé.

Àwa ńkọ́? Báwo ni àwọn baba wa ṣe ń mú ènìyàn wọ ayé tí kò sí? Ẹ tún wo àlọ́ Ìjàpá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìyá náà kò sọ ìtàn ìran oníṣègùn, kò ka orúkọ ewé tí ó wà nínú àsèjẹ, kò sọ ìgbà tí Olódùmarè fún ewé ní agbára. Òfin kan ṣoṣo ni ó sọ: má fi ẹnu kàn án. Ó sọ ọ́ nígbà tí ó kù díẹ̀ kí Ìjàpá rú u. Ebi àti ọ̀kánjúwà, tí ọmọdé mọ̀ dáadáa, ni ó fi gbé òfin náà wọ inú àwọn ọmọ. Ìdí nìyí tí ọmọ náà fi fẹ́ mọ ohun tí àsèjẹ jẹ́: ó ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà lè wú ènìyàn níkùn.

Àwọn tí a jọ ń gbé níhìn-ín náà mọ ọgbọ́n yìí. Bí ìyá Haúsá bá fẹ́ pa *tatsuniya* fún àwọn ọmọ rẹ̀, yóò ní, "*Ga ta, ga ta nan*," àwọn ọmọ yóò sì dáhùn pé, "*Ta zo mu ji ta*," èyí ni pé kí ó máa bọ̀ kí a gbọ́ ọ. Gbólóhùn méjì péré, wọ́n ti wọ ayé mìíràn. Nígbà tí ọ̀gbẹ́ni Rupert East ṣètò ìdíje ìwé kíkọ ní èdè Haúsá ní ọdún 1933, ìwé *Ruwan Bagaja* tí Abubakar Imam kọ wà lára àwọn tí a tẹ̀ jáde lẹ́yìn rẹ̀ ní 1934. *Ruwa* ni omi. Kí ni *bagaja*? Òǹkàwé lè má mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé àìsàn ń ṣe ọmọ ọba, omi yìí nìkan ni ó lè wò ó sàn, ẹnìkan sì ti gbéra láti lọ wá a. Ọ̀rọ̀ àjèjì kan ṣoṣo, àìní gidi kan lẹ́yìn rẹ̀, ìwé náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ní ọdún 1938 ni D.O. Fágúnwà, olùkọ́ ọmọ Òkè-Igbó, gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde. Ayé tí ó kún fún ẹ̀dá abàmì ju ti Fágúnwà lọ ṣọ̀wọ́n. Síbẹ̀, ẹ wo orúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀. Olóhùn-iyọ: ta ni kò mọ̀ pé orin ni iṣẹ́ ẹni náà, tí ohùn rẹ̀ sì dùn bí ọbẹ̀ tí iyọ̀ dé? Ìmọ̀dòye: ìmọ̀ tí ó ti di òye, òun ni ọlọ́gbọ́n àárín wọn. Kákò oníkùmọ̀ ẹkùn: ẹ kò gbọdọ̀ bá a jà. Nínú Igbó Olódùmarè tí ó jáde ní 1949, a rí Èṣù-kékeré-òde àti Àǹjọ̀nnú-ìbẹ̀rù. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ń gbé àlàyé rẹ̀ sí ẹ̀yìn bí ìyá ti ń pọn ọmọ. Ṣé ẹ sì kíyè sí àǹjọ̀nnú yẹn? Ọ̀rọ̀ tí ó bá ẹ̀sìn Ìsìláàmù wọ inú èdè wa ni, ìbátan *aljani* tí ọmọ yín ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ Haúsá lójoojúmọ́. Onígbàgbọ́ ni Fágúnwà, ó sì lo ọ̀rọ̀ náà láìṣàlàyé, nítorí ó mọ̀ pé òǹkàwé rẹ̀ ti ní i nílé.

Amos Tutùọlá náà kò jìnnà sí i. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1954, My Life in the Bush of Ghosts, iwin obìnrin kan wà tí ó ní tẹlifíṣọ̀n ní àtẹ́lẹwọ́. Ọdún márùn-ún sí ìgbà náà ni tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ní 1959. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ilé rẹ̀ kò tíì fojú rí ni Tutùọlá so mọ́ ọwọ́ ènìyàn, tí gbogbo ayé mọ̀, ó sì yé ẹnikẹ́ni tí ó bá kà á.

Èmi kò sọ pé Fágúnwà kò lẹ́bi. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé rẹ̀ mọ̀ pé ó fẹ́ràn ìwàásù, pé akọni rẹ̀ lè dúró lójú ọ̀nà kí ó máa gba ènìyàn níyànjú títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú. Bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ pé àdììtú kò ní àyè tirẹ̀. Èdè Ifá jinlẹ̀, ọfọ̀ kò yé gbogbo ènìyàn, ara agbára wọn sì ni pé wọn kò yé gbogbo ènìyàn. Fágúnwà pàápàá fi Òkè Láńgbòdó síwájú wa, kò sì tú orúkọ náà palẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ kí a mọ̀ pé ọba rán àwọn ọdẹ lọ síbẹ̀ láti mú ohun tí yóò fún ìlú ní àlàáfíà bọ̀. Nítorí náà, orúkọ àjèjì náà kò jẹ́ ẹrù fún wa. Ó di ibi tí àwa náà fẹ́ dé.

Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n ń ṣe géèmù lónìí ti ń padà sí ọgbọ́n yìí, inú mi sì dùn pé ọmọ Áfíríkà wà lára wọn. Ní ọdún 2016, ilé iṣẹ́ Kiro'o Games ní Yaoundé, ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, gbé Aurion: Legacy of the Kori-Odan jáde. Ọmọ ọba kan ni wọ́n dìtẹ̀ gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ó sì ṣe é ni àna rẹ̀. Èwo ni ó ṣòroó yé nínú ìyẹn? Ní oṣù Épírì 2024, Abubakar Salim, òṣèré ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìran rẹ̀ ti Kẹ́ńyà wá, gbé Tales of Kenzera: Zau jáde lẹ́yìn tí ó ti pàdánù baba tirẹ̀. Ọmọkùnrin kan lọ bá Kalunga, òrìṣà ikú, ó ní kí ó dá baba òun padà. Kalunga ní kí ó kọ́kọ́ mú ẹ̀mí ńlá mẹ́ta wá. Ẹni tí kò gbọ́ orúkọ Kalunga rí láyé rẹ̀ mọ ohun tí ọmọ tí baba rẹ̀ kú ń fẹ́.

Ẹnìkan lè sọ pé: èyí kàn wá báwo, àwa tí a ń wá owó ilé ìwé ọmọ ní ìlú onílùú? Ó kàn wá gidigidi. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ń di èlò nínú ìtàn idán káàkiri ayé. Ní ọdún 2018, Tomi Adeyemi, ọmọ wa tí a bí sí Amẹ́ríkà, gbé ìwé Children of Blood and Bone jáde, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Orúkọ òrìṣà wa ni ó fún ilẹ̀ inú ìwé náà. Bí àwọn onídán ibẹ̀ bá fẹ́ pe agbára wọn, èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń pè é, èdè tí ọba búburú ti fòfin dè. N kò bá a jà. Òǹkàwé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí New York gbádùn ìwé náà, ó sì gbà pé èdè àràmàǹdà ni.

Ìbéèrè mi ni pé, kí ni yóò jẹ́ fún ọmọ tiwa ní Kàdúná? Haúsá ni ó ń sọ ní ojúde, Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sọ ní ilé ìwé, èyí tí ó sì ń gbọ́ ní Yorùbá nílé kò ju "wá jẹun" àti "ṣé orí rẹ pé?" lọ. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá pàdé *àṣẹ*, *ẹbọra* tàbí *irúnmọlẹ̀* nínú géèmù tàbí ìwé, kí ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀ lójú rẹ̀ kúrò lára *fal'Cie* àti *Cie'th*? Kò sí nǹkan kan. Àwọn méjèèjì jẹ́ ariwo tí ó ní àlàyé lẹ́yìn. Olóhùn-iyọ, tí ó yẹ kí ó ṣí sílẹ̀ lójú rẹ̀ bí ilẹ̀kùn, yóò di ògiri. Kò sí ọba kankan tí ó fòfin de èdè náà nílé wa. Àwa fúnra wa ni a kò sọ ọ́.

Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé Fágúnwà sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968, ó ní láti kọ àlàyé síwájú rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí ó fi dípò irúnmọlẹ̀ àti bí ó ṣe kọ ọ́, kí òǹkàwé má baà fi àwọn ẹ̀dá inú igbó náà pe èṣù tí àwọn aláwọ̀ funfun mọ̀. Odindi Ṣóyínká ṣe bẹ́ẹ̀ láàgùn lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu wa lọ́fẹ̀ẹ́, a kò sì fún ọmọ wa.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ méjì. Èkíní wà fún àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe géèmù, ní Èkó àti ní Kàdúná níhìn-ín pẹ̀lú. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí orúkọ yín ní ìtumọ̀ létí ẹni tí ó gbọ́ èdè tí ẹ fi sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí òfin ayé yín dé nígbà tí ewu rẹ̀ bá dé. Kí ẹ sì tó fi ìtàn yín sínú ẹ̀rọ, ẹ pa á ní àlọ́ fún ọmọdé kan nínú òkùnkùn lálẹ́ ọjọ́ tí iná bá lọ. Ibi tí ọmọ náà bá ti bèèrè ìbéèrè, ẹ mú un dání. Ibi tí ó bá ti sùn lọ, ẹ gé e kúrò.

Ẹ̀bẹ̀ kejì wà fún àwa òbí. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Ṣùgbọ́n ààbọ̀ kò lè di odidi nínú ẹni tí a kò fún ní ààbọ̀ rárá. Ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí iná bá lọ. Ẹ pa àlọ́ kan lọ́sẹ̀. Ẹ ra Fágúnwà sílé, kí ẹ ka ojú ewé kan sókè sí etí àwọn ọmọ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Bí wọ́n bá da Haúsá pọ̀ mọ́ ìbéèrè wọn, ẹ má bá wọn wí, ẹ ṣáà dá wọn lóhùn ní Yorùbá. Mo tún gbọ́ ohùn ìyá náà bí mo ti ń jáde nílé ọ̀rẹ́ mi lálẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn. Ó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé oúnjẹ tí a fi oògùn sè ni àsèjẹ, pé *à-sè-jẹ* ni, a sè é kí a lè jẹ ẹ́. Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àṣé ó ti wà nínú orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀!"